Gba Ẹnìkejì Rẹ Gbọ́ Ná

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun, ṣùgbọ́n ó ń dùn mí lọ́kàn, mi ò sì lè gbé e mì. Bí ẹ bá ti jókòó rí nínú ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, ì báà jẹ́ ti àwa ará Ìkẹ́rẹ́, ì báà jẹ́ ti àwọn ará Ìsẹ̀ tàbí Èmùré, ẹ óò ti rí ohun tí mo fẹ́ sọ. Ẹnìkan á dìde, á ní òun ní àbá lórí ọ̀nà tí a fẹ́ tún ṣe. Kò tíì sọ̀rọ̀ dé ìdajì tí ẹni tó jókòó tì yín á ti máa sọ wúyẹ́wúyẹ́ pé, "Má dá a lóhùn jàre. Ṣé o mọ ẹni tó rán an ni?" Kò sí ẹni tí yóò bi ara rẹ̀ pé ṣé àbá náà dára àbí kò dára. Ohun tó wà nínú ikùn alábàá ni gbogbo wọn ń wá kiri. Ìpàdé á tú, ọ̀nà á wà bó ṣe wà, èèyàn mẹ́ta mìíràn á sì tún di ẹni tí kì í kí ara wọn mọ́.

Àwọn tó ń ṣe báyìí ní òwe lẹ́nu. Wọ́n á ní, "Ìfura loògùn àgbà." Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n oògùn ni àwọn baba wa pè é, wọn kò pè é ní oúnjẹ. Ẹni tó bá ń fi oògùn ṣe oúnjẹ àárọ̀, tó fi ń ṣe ti ọ̀sán àti ti alẹ́, oògùn náà ni yóò pa á.

Ohun tí mo fẹ́ fi hàn yín ni pé àwọn baba wa ní ìdí láti fura sí ara wọn ju tiwa yìí lọ fíìfíì. Ìbọn wà lọ́wọ́ wọn, òkú wà nílẹ̀, àwọn ọmọ wọn wà lóko ẹrú. Síbẹ̀ ọjọ́ kan dé tí wọ́n gba ọ̀rọ̀ ara wọn gbọ́, tí ogun sì dáwọ́ dúró. Wọn kò di ojú wọn kí wọ́n tó gbà á gbọ́ o. Bí wọ́n ṣe ṣe é gan-an ni ìtàn tí mo fẹ́ sọ.

ỌDÚN PÚPỌ̀ NÍ KÍRÌJÌ

Lẹ́yìn tí Ọ̀yọ́ àtijọ́ tú, Ìbàdàn di alágbára. Ogun wọn wọ ilẹ̀ Èkìtì, wọ́n sì fi ajẹ́lẹ̀ sí ìlú lẹ́yìn ìlú. Ajẹ́lẹ̀ ni ojú Ìbàdàn, òun ni etí wọn, òun náà ló ń gba ìṣákọ́lẹ̀. Bí ó bá mọ sí ìṣákọ́lẹ̀ nìkan, bóyá ìbá ṣeé fara dà. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ẹ̀yìn ajẹ́lẹ̀ a máa mú ewúrẹ́ olówó, wọn a máa fọwọ́ kan aya aláya. Ní ọdún 1878, Fábùnmi ti Òkè-Ìmẹ̀sí yọ idà, ó sì pa ajẹ́lẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti di iṣu ata yán-an-yàn-an. Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà, Ìgbómìnà àti àwọn mìíràn so ọwọ́ pọ̀, wọ́n pe ara wọn ní Èkìtì Parapọ̀, Ògèdèǹgbé ará Iléṣà sì di olórí ogun wọn.

Ibùdó Ìbàdàn wà lẹ́bàá Ìgbájọ, ti Èkìtì Parapọ̀ wà ní ọ̀nà Ìmẹ̀sí-Ilé. Òkè ló wà láàárín wọn. Àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó wà ní Èkó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n ń kó ìbọn tuntun tí à ń ti ẹ̀yìn kì ránṣẹ́ sílé. Ojú ọ̀nà Oǹdó, tí Gómìnà Glover là ní 1872, ló wúlò fún wọn, torí pé ọ̀nà náà kò gba ilẹ̀ Ìbàdàn kọjá. Ìró ìbọn yẹn tó ń dún láàárín òkè, "kí-rì-jì, kí-rì-jì," ni ogun náà gba orúkọ. Ọdún ń gorí ọdún. Ibùdó di ìlú: wọ́n kọ́lé síbẹ̀, wọ́n ń nájà níbẹ̀. Kò sí ẹni tó lè ṣẹ́gun, kò sì sí ẹni tó lè lọ sílé.

Ẹ jẹ́ kí á dúró síbí wo ìdí tí wọn kò fi lè lọ sílé, nítorí ibẹ̀ gan-an ni kókó ọ̀rọ̀ wà. Kì í ṣe pé ogun ṣì ń wù wọ́n jà. Ó ti sú gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n Ìbàdàn ní, "Bí a bá kọ́kọ́ kó ẹrù wa, àwọn Èkìtì á lé wa láti ẹ̀yìn, wọn á sì pa wá run lójú ọ̀nà." Èkìtì náà ní, "Bí a bá kọ́kọ́ kúrò, àwọn Ìbàdàn á tẹ̀ lé wa wọlé, ajẹ́lẹ̀ á sì tún padà." Àwọn méjèèjì ló ní ẹ̀rí. Kò sí ìkankan nínú wọn tó ń fura lásán.

Aláàfin Adéyẹmí ń wá àlàáfíà, ṣùgbọ́n Ìbàdàn fura sí i pé ìṣubú àwọn ló ń wá. Èkìtì náà fura sí i, wọ́n ní ṣebí òun ni baba Ìbàdàn. Gbogbo wọn pátá ló sì fura sí Gómìnà Èkó, pé òwò àti ilẹ̀ ni ojú rẹ̀ wà lára. Ẹ sọ fún mi, ta ni ìbá dá àwọn èèyàn wọ̀nyí lẹ́bi?

ÀWỌN TÍ A RÁN NÍṢẸ́

Ní oṣù October, ọdún 1881, Aláàfin kọ ìwé sí Gómìnà ní Èkó pé kí wọ́n wá bá òun làjà. Samuel Johnson, oníwàásù ìjọ C.M.S. ní Ìbàdàn, ló mú ìwé náà lọ. Ìwé dé, ọ̀rọ̀ kò yanjú. Àlùfáà òyìnbó kan tó ń jẹ́ J. B. Wood náà dé ibùdó méjèèjì ní àárín 1884 sí 1885, ó bẹ̀ wọ́n, kò rí i ṣe. Ní 1885 Ààrẹ Látòósà, olórí ogun Ìbàdàn, kú sí ibùdó.

Nígbà tó di 1886, Gómìnà Alfred Moloney ṣe ohun kan tí mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí. Kò rán ẹnì kan ṣoṣo. Èèyàn méjì ló rán, ọmọ Yorùbá sì ni àwọn méjèèjì. Johnson ni ìkíní. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni, ó ti gbé Ìbàdàn fún ọ̀pọ̀ ọdún, Ìbàdàn àti Aláàfin mọ̀ ọ́n. Ìkejì ni Charles Phillips, àlùfáà ní Oǹdó, ẹni tí àwọn ará ìhà Èkìtì mọ̀. Ìhà kọ̀ọ̀kan ní ojú kan tó mọ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà. Ẹ mọ̀ pé ojú lọ̀rọ̀ wà. Ọ̀rọ̀ kan náà, bó bá ti ẹnu ẹni tí a kò mọ̀ wá, a máa dà bí ẹ̀tàn. Bó bá ti ẹnu ẹni tó ti jẹun nílé wa wá, a óò jókòó gbọ́ ọ tán ná.

Iṣẹ́ tí wọ́n jẹ́ kò rọrùn. Ogun tó ti pẹ́ báyẹn, ẹ fojú inú wo irú ọ̀rọ̀ tí ìhà kan á máa fi ránṣẹ́ sí èkejì. Àwọn àgbà sì ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ìránṣẹ́ tó gbọ́n kì í purọ́, kì í sì í yí ọ̀rọ̀ padà, ṣùgbọ́n ó máa ń yọ ẹ̀gún inú rẹ̀ kúrò kí ẹran tó wà nínú rẹ̀ lè ṣeé jẹ. Àwọn méjì wọ̀nyí mú kí wọ́n fi ìbọn sílẹ̀ ná. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gba ohun tí olúkúlùkù ń fẹ́ sílẹ̀.

Nínú ìwé àdéhùn tí wọ́n fi ọjọ́ 4 oṣù June, 1886 sí, ẹ ó rí i pé wọ́n wá ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè jọ̀wọ́ rẹ̀, wọ́n sì fi í lé e lọ́wọ́. Èkìtì kò lè jọ̀wọ́ òmìnira, nítorí náà a fún wọn ní òmìnira. Ìbàdàn kò lè fi Ọ̀tan, Ìrẹ̀sì, Àdá àti Ìgbájọ sílẹ̀, nítorí náà ìlú mẹ́rin yẹn wà lọ́wọ́ Ìbàdàn, ṣùgbọ́n ará ìlú náà tí kò bá fẹ́ bẹ́ẹ̀ lè ṣí lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn èèyàn rẹ̀. Wọ́n ní kí Aláàfin jẹ́ ẹ̀gbọ́n, kí Ọwá jẹ́ àbúrò, gẹ́gẹ́ bó ti wà nígbà tí ilẹ̀ méjèèjì dá dúró. Ẹ wo ọ̀rọ̀ tí wọ́n yàn. Wọn kò pe ẹnì kan ní olúwa, wọn kò sì pe ẹnì kan ní ẹrú.

Ó wá ku ta ni yóò kọ́kọ́ kúrò. Ìwé kò lè yanjú ìyẹn. Gómìnà rán Higgins àti Oliver Smith láti Èkó pẹ̀lú ọ̀wọ́ ọmọ ogun Hausa díẹ̀. Àwọn ni wọ́n dúró sí àárín ibùdó méjèèjì. Ní ọjọ́ 23 oṣù September, 1886, àwọn olórí ogun fọwọ́ sí àdéhùn, lẹ́yìn náà ni ìhà méjèèjì kó ẹrù wọn, iná sì jó ibùdó. Ẹni tó bá ń fura rí ẹni tó dúró láàárín. Ẹni tó bá fẹ́ dalẹ̀ mọ̀ pé ojú ń wo òun.

Ẹ kò rí i bí? Wọn kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé, "Má fura mọ́." Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n to ọ̀rọ̀ náà tó fi jẹ́ pé bí ẹnìkejì bá tilẹ̀ dalẹ̀, kò ní í pa ẹni tó gbà á gbọ́ run. Nígbà tí ìgbàgbọ́ kò wọ́nwó mọ́, èèyàn lè rà á.

IBI TÍ OKÙN TI JÁ

Kí n má bàa dà bí ẹni tó ń sọ ìtàn apá kan. Àlàáfíà 1886 kò kárí. Ìlọrin kò fi Ọ̀fà sílẹ̀, Ọ̀fà sì ṣubú ní 1887. Ogun Ìbàdàn ṣì dúró sí Ìkirun láti kojú Ìlọrin. Àdéhùn ní kí àwọn ará Modákẹ́kẹ́ ṣí kúrò lórí ilẹ̀ Ifẹ̀, ọ̀ràn yẹn kò sì tán bọ̀rọ̀. Títí wọ ọ̀rúndún tó tẹ̀ lé e ni ìjà ń tún rú jáde. Ó di 1893, nígbà tí Gómìnà Carter rin ìrìn àjò rẹ̀ wọ ilẹ̀ Yorùbá, kí ogun tó tán pátápátá.

Ìjọba Èkó tó bá wọn làjà pàápàá ní tirẹ̀ nínú. Ní 1894, Kápúténì Bower mú Ògèdèǹgbé, wọ́n sì lé e lọ sí Ìwó. Ẹni tí ìjọba bẹ̀ ní 1886 pé kó sọ idà sílẹ̀, òun náà ni ìjọba wá dè ní ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn náà.

Nígbà tí mo bá sọ ìtàn yìí fún àwọn ọ̀dọ́, wọ́n á ní, "Ẹ ò rí nǹkan! Ògèdèǹgbé ìbá má gbà wọ́n gbọ́ rárá." Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Bí Ògèdèǹgbé bá kọ̀ ní 1886, ogun ìbá máa bá a lọ, ọmọ ẹlòmíràn ìbá máa kú sí òkè yẹn lọ́dọọdún. Ó gba ọ̀rọ̀ gbọ́ lórí ohun tí ó rí nígbà náà, ọ̀pọ̀ ẹ̀mí sì ti ibẹ̀ là. Ẹni tó dalẹ̀ lẹ́yìn náà ló jẹ̀bi. A kì í torí pé olè jí iṣu wa ká wá bú ẹni tó gbin iṣu.

ÌLẸ̀KÙN OJÚ MÉJÌ

Ẹ jẹ́ kí á wá sí gúúsù Èkìtì wàyí, sí Ìkẹ́rẹ́ ilé wa. Kírìjì dá ogun dúró, ogun dídúró sì ṣí ọ̀nà fún àwọn aṣojú ìjọba òyìnbó. Ní nǹkan bí ọdún 1900, ọ̀kan nínú wọn tó ń jẹ́ Kápúténì W. G. Ambrose wá kí Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́ láàfin. Ẹ fojú wo ipò tí Kábíyèsí wà. Ó ti gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Ọba Bìní ní 1897. Ó ti gbọ́ ti Ògèdèǹgbé. Kò mọ ohun tó wà nínú àlejò yìí. Síbẹ̀ àlejò ni, ó sì gbà á ní àlejò.

Bí a ṣe mọ̀ nípa ọjọ́ náà dùn mọ́ mi púpọ̀, nítorí pé agbẹ́gilére kan ló kọ ọ́ sára igi. Ọlọ́wẹ̀ ni orúkọ rẹ̀. Ẹ̀fọ̀n Aláayè ni a bí i sí, ní nǹkan bí 1875, ṣùgbọ́n Ìsẹ̀ ló dàgbà sí, ó sì ṣiṣẹ́ fún Arínjálẹ̀ láàfin níbẹ̀. Òkìkí rẹ̀ kàn dé Ìkẹ́rẹ́, Ògògà sì ránṣẹ́ pè é. Láàárín 1910 sí 1914 ló gbẹ́ òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti ìlẹ̀kùn sí ààfin Ìkẹ́rẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn òpó náà wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Chicago ní Amẹ́ríkà lónìí: ọba jókòó, olorì dúró gbágbá lẹ́yìn rẹ̀.

Ìlẹ̀kùn náà ni mo fẹ́ kí á wò. Ojú méjì ló ní. Ní ojú kan, Ògògà jókòó lórí ìtẹ́ pẹ̀lú adé, olorì sì dúró sẹ́yìn rẹ̀. Ní ojú kejì, òyìnbó ń bọ̀, àwọn èèyàn gbé e sórí ohun tí wọ́n fi ń gbé e, àwọn aláàárù sì ń ru ẹrù. Ọlọ́wẹ̀ kò sọ òyìnbó di ìwin, kò sì dojú ọba bolẹ̀ fún un. Èèyàn ni ó gbẹ́ àwọn méjèèjì ní. Ọba kò dìde lọ pàdé àlejò, àlejò ló ń bọ̀. Olorì tó dúró lẹ́yìn ọba sì ń wo ohun gbogbo. Lójú tèmi, ẹ̀rí ni ìyá yẹn. Ọba tó gba àlejò gbọ́ kò dá wà. Ó ní ojú kejì tó ń bá a wò. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni Higgins àti Smith ṣe dúró láàárín ibùdó méjèèjì ní 1886.

Ìtàn ìlẹ̀kùn náà kò tán síbẹ̀. Ní 1924 wọ́n gbé e lọ sí ìpàtẹ ńlá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Wembley, lẹ́bàá Lọ́ńdọ̀nù. Ojú àwọn British Museum wọ̀ ọ́, wọ́n fẹ́ kí ó di tiwọn. Ògògà kò gbà kí wọ́n fi owó rà á. Ó ní kí wọ́n fún òun ní ìtẹ́ tí wọ́n ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dípò rẹ̀. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀, Ọlọ́wẹ̀ sì gbẹ́ ìlẹ̀kùn mìíràn sí ààfin. Ìlẹ̀kùn àkọ́kọ́ ṣì wà ní Lọ́ńdọ̀nù títí di òní.

Bí a bá dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ láàárín àwa ọmọ Ìkẹ́rẹ́, ẹ wá wo ariwo! Ẹnìkan á ní wọ́n rẹ́ Kábíyèsí jẹ, pé àga lásán ni wọ́n fi gba ohun tí gbogbo ayé ń lọ wò. Ẹlòmíràn á ní ọba ló fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe pàṣípààrọ̀, pé kí a má fi ojú òní wo ti àná. Ọ̀rọ̀ méjèèjì ló ní orí àti ìdí. Èmi gan-an rò pé pàṣípààrọ̀ náà kò dọ́gba. Ṣùgbọ́n láìpẹ́, wọn kò ní í sọ̀rọ̀ ìlẹ̀kùn mọ́. Ọ̀kan á ti máa pe èkejì ní ẹrú òyìnbó. Èkejì á ní oníjà ìgboro ni ìwọ, orúkọ lo ń wá. Ta ló wá kù tí yóò bá wa ro bí ìlẹ̀kùn náà ṣe lè padà wálé, tàbí bí àwọn ọmọ wa ṣe lè máa rí i? Kò sí. Ìlẹ̀kùn wà ní Lọ́ńdọ̀nù, àwa sì ń bu ara wa ṣán nílé.

Ẹ wo bí Ògògà ṣe ṣe é. Kò pe òyìnbó ní olè, kò sì fi tirẹ̀ tọrọ. Ọba bá ọba lò, ẹ̀bùn bá ẹ̀bùn pàdé. Bí òdìkejì kò bá fún un ní ohun tó tó, ìtìjú òdìkejì ni.

ÌTÀN ẸNI ÀTI ÌTÀN ẸLÒMÍRÀN

Ibi tí àìgbára-ẹni-gbọ́ yìí ti ń ṣe wá ní jàǹbá jù ni ọ̀ràn ìtàn. Ẹ wo Johnson tí mo ti dárúkọ. Ó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897. Ìwé àfọwọ́kọ náà sọnù lọ́wọ́ àwọn tó yẹ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́, òǹkọ̀wé fúnra rẹ̀ kú ní 1901, àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ló tún un kọ láti inú àkọsílẹ̀ rẹ̀, tí ó fi jáde ní 1921. Ọ̀pọ̀ nínú àwa ará Èkìtì ni kì í fẹ́ gbọ́ orúkọ ìwé yìí sétí, wọ́n ní ti Ọ̀yọ́ ló ń gbè. Ó gbè é, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kí èèyàn máa wo nǹkan láti ibi tó dúró sí, ọ̀tọ̀ ni kí ó máa purọ́. Ọkùnrin tó gun òkè sọ̀kalẹ̀ láàárín ìbọn, tó fẹ́ kí ogun tán, kò yẹ kí á kọ́kọ́ pè é ní òpùrọ́. Ẹ jẹ́ kí á kà á, kí á mú ibi tó ti ṣì í, kí á fi ẹ̀rí tiwa tì í. Ìyẹn ló máa bí ìwé mìíràn. Èébú kì í bí ìwé.

Ẹ̀yin ará ilé mi, ẹ má bínú, mo fẹ́ wọlé díẹ̀ sí i. Ní Ìkẹ́rẹ́, àwọn kan wà tí ìtàn wọn bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ Olúkẹ́rẹ́, tí ó ń bọ Olósùnta, àpáta ńlá tó dúró gàgàrà lórí ìlú. Àwọn mìíràn wà tí ìtàn wọn bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ Ògògà, tí wọ́n ní ọdẹ ló ṣe dé, pé láti ìhà Bìní ló ti wá. Ọ̀ràn àga méjèèjì ti dé iwájú ìjọba, ó ti dé kóòtù, ó sì ti fa ìjà tó mú ẹkún wá. Mi ò jókòó síbí láti dájọ́. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Ẹni tó tilẹ̀ gbọ́ ti méjèèjì náà gbọ́dọ̀ rọra.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ sọ. Ọmọ tí baba rẹ̀ kọ́ ní ìtàn kan láti kékeré, tó ń sọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún un, kò purọ́. Ogún tí wọ́n fi lé e lọ́wọ́ ló ń fi hàn. Ọmọ ilé kejì náà kò purọ́. Bí àwọn méjèèjì bá lè jókòó pẹ̀lú èrò yìí, wọ́n á lè bi ara wọn ní ìbéèrè tó wúlò: Kí ni baba tìrẹ sọ nípa òkè? Kí ni ó sọ nípa adé? Ta ló ń ṣe kí ni lọ́jọ́ ọdún, láti ìgbà wo? Lójú irú ìbéèrè báyìí, ìtàn méjì lè wá jókòó pọ̀. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ bá jẹ́ "Irọ́ ni!", kò sí ìbéèrè kankan tí yóò tẹ̀ lé e. Ohun tó máa ń tẹ̀ lé e, a ti rí i, kò sì dára.

KÍ NI KÁ ṢE?

Ẹnìkan lè ní, "Òǹkọ̀wé, ọ̀rọ̀ rẹ dùn, ṣùgbọ́n èké pọ̀ láyé." Mo mọ̀. Èké wà nínú ìpàdé wa, àwọn kan sì wà tí ẹnìkan rán wá lóòótọ́. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí á ṣírò rẹ̀. Bí mo bá gba èké kan gbọ́ fún wákàtí kan, tí ojú sì ń wo owó, tí àkọsílẹ̀ sì wà, kí ló lè jí? Díẹ̀ ni, a ó sì mú un. Ṣùgbọ́n bí mo bá pe olóòótọ́ mẹ́wàá ní èké, wọn kò ní í padà wá sí ìpàdé mọ́, èké nìkan ni yóò sì kù tí a ó jọ máa jókòó.

Nítorí náà, bí ẹnìkan bá dá àbá, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ dá àbá náà lóhùn kí á tó dá ẹni tó dá a lóhùn. Bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá ní ìtumọ̀ méjì, ọ̀kan dára, ọ̀kan burú, ẹ jẹ́ kí á mú èyí tó dára ná, kí á sì bi í bóyá bẹ́ẹ̀ ló ní í lọ́kàn. Bí ìjà bá le tó fi jẹ́ pé a kò lè gbọ́ ara wa, ẹ jẹ́ kí á wá èèyàn méjì, ọ̀kan tí ìhà yìí mọ̀, ọ̀kan tí ìhà ọ̀hún mọ̀, bíi ti 1886. Ẹ jẹ́ kí á kọ àdéhùn sílẹ̀, kí ẹlẹ́rìí wà níbẹ̀, kí ojú olúkúlùkù lè rí ọwọ́ ẹnìkejì. Bí ẹnìkan bá wá dalẹ̀ lójú gbogbo wa, kí á bá a wí lórí ohun tó ṣe, kì í ṣe lórí ohun tí a rò pé ó rò.

Ọwọ́ ni a fi ń mọ ọ̀dàlẹ̀. Ikùn dúdú, kò sẹ́ni tó rí ibẹ̀. Àwọn tó wà ní Kírìjì mọ èyí, wọ́n sì ní ìbọn lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n mọ̀ ọ́n. Àwa tí kò ní ju bíró àti ìwé ìpàdé lọ́wọ́, kí ló ń dẹ́rù bà wá?